Àkọ́kùn Ògiri Yàrá Ìyá Mi

Ẹ gbé rólà yẹn sílẹ̀ ná, ẹ̀yin ọmọ mi. Mo mọ̀ pé ẹ fẹ́ tètè parí, mo sì mọ̀ pé ọmọ mi obìnrin tó pè yín wá ti ní kí ẹ má jẹ́ kí ọ̀rọ̀ mi dá yín dúró. Ṣùgbọ́n yàrá mi nìyí, àga mi nìyí, ara mi kò sì gbé ìdìde mọ́. Bí mo ṣe ń wò yín tí ẹ fẹ́ da péńtì lé ògiri tí ẹnikẹ́ni kò tíì fọwọ́ kàn wò, ó kàn ń rẹ̀ mí ni. Ẹ jẹ́ kí n sọ̀rọ̀ díẹ̀, bóyá ara á tù mí.

Ìwọ Rídíwáànù, o ní práímà ti wà nínú péńtì ayé ìsinsìnyí, pé tú-ìn-wọ́ọ̀nù ni. Mi ò bá ọ jiyàn. Mo ti jiyàn tó láyé mi. Ṣáà fi àtẹ́lẹwọ́ kan ògiri yẹn lábẹ́ fèrèsé, kó o sọ bó ṣe rí fún mi. Ó tutù, àbí? Adéníji Adélé la wà yìí, ọ̀sà ò jìnnà sí wa. Omi tó wà nísàlẹ̀ ilẹ̀ ibí kì í jókòó síbì kan, ó ń gun ògiri bọ̀ díẹ̀díẹ̀, iyọ̀ ló sì ń gbé bọ̀. Mo ti mọ iyọ̀ yẹn kí wọ́n tó bí àwọn bàbá yín, ó sì ti ṣe mí níbi tó dùn mí jù.

Nígbà tiwa, ní náíńtíìn-fífítì sókè, kí a tó gba òmìnira, a kì í pè é ní práímà. Àkọ́kùn là ń pè é, ọ̀rọ̀ ọ̀gá mi sì ni. Bàbá Fẹ́lísì lorúkọ ọ̀gá mi yẹn. Àgùdà ni, ọmọ àwọn tó ti Bùràsíìlì padà wálé. Bàbá bàbá rẹ̀ ló mọ díẹ̀ nínú àwọn pẹ̀tẹ́ẹ̀sì tí ẹ̀ ń rí tí wọ́n ń wó kiri yìí. Nígbà tí mo di akunlé tó ń dá ṣiṣẹ́, òun kò gun àkàsọ̀ mọ́, ṣùgbọ́n kò sí ilé ńlá tí wọ́n máa kùn ní Ìsàlẹ̀ Èkó tí wọn kì í kọ́kọ́ pè é wá wò. Á dé fìlà rẹ̀, á wọlé, á ṣí fìlà kí gbogbo ilé, á sì fi ìka nu ògiri. Lẹ́yìn náà á fi ìka yẹn sẹ́nu, á di ojú.

Ó ń tọ́ ògiri wò ni. Bí iyọ̀ bá wà níbẹ̀, á ní kí onílé jẹ́ kó sinmi. Onílé á bínú, pé àlejò ń bọ̀, pé Iléyá kù dẹ̀dẹ̀. Bàbá Fẹ́lísì á dé fìlà rẹ̀ padà, á lọ sílé lọ jẹun. Wọ́n máa wá a wá nígbà tí inú bá rọ̀ wọ́n. Ta ló ń fún ògiri láyè láti sinmi lónìí? Èèyàn pàápàá kò ráyè sinmi.

Òun ló kọ́ mi pé nǹkan kọ̀ọ̀kan ló ní àkọ́kùn tirẹ̀. Igi ní oje nínú. O gbọ́dọ̀ kọ́kọ́ dí ojú kókó rẹ̀, kó o tó wá fi ọ̀dà tó ṣàn, tí òróró pọ̀ nínú rẹ̀, bọ́ ọ, torí pé igi máa ń mu òróró bí ọmọ ṣe ń mu ọmú. Irin kò mu nǹkan kan, ìpẹtà lọ̀tá rẹ̀. Ọ̀dà pupa kan wà tó wúwo bí òkúta, òun la máa ń fi bo irin gbogbo géètì àti ọ̀dẹ̀dẹ̀ òkè tó kọjú sí Marina, kí atẹ́gùn ọ̀sà má baà jẹ wọ́n. Ti ògiri ló le jù. Ògiri tí ẹfun ti wà lára rẹ̀ tẹ́lẹ̀, o gbọ́dọ̀ ha á dé ibi tó le. Ògiri tuntun, o gbọ́dọ̀ dúró dè é. Ògiri tó níyọ̀, o gbọ́dọ̀ fi omi ẹ̀rọ fọ̀ ọ́, kó gbẹ, kó o tún fọ̀ ọ́, kó tún gbẹ, títí ìka rẹ á fi kúrò lẹ́nu rẹ tí kò ní sọ nǹkan kan fún ọ.

Tí ọdún bá ń sún mọ́lé, ì báà ṣe Iléyá, ì báà ṣe Kérésìmesì tí àwọn oníkàrétà, àwọn tó máa ń bojú jó lọ́dún àwọn Àgùdà, ń múra ní Pópó Àgùdà, ìró irin tí a fi ń ha ògiri ni wàá máa gbọ́ láti agboolé dé agboolé. Wàá gbọ́ ọ tí wọ́n bá ń pe ìrun, wàá gbọ́ ọ tí agogo ṣọ́ọ̀ṣì bá ń lù. Òórùn òróró ọ̀dà á gba gbogbo àdúgbò, tí ata tí wọ́n ń lọ̀ kò fi ní rùn mọ́. Ìdùnnú ló máa ń jẹ́ fún mi nígbà náà. Ní báyìí, èmi nìkan ni mo ṣì ń gbọ́ ọ, etí mi náà sì ti ń di.

Ọdún kan wà, a ṣẹ̀ṣẹ̀ bo géètì Àáfà kan ní ọ̀dà pupa yẹn ni àgbò Iléyá rẹ̀ já okùn, tó lọ fi gbogbo ẹ̀gbẹ́ họ ara géètì. Ó pupa láti ọrùn dé ìdí. Àwọn ará ilé ní wọ́n ti ṣá a lọ́gbẹ́, ni wọ́n bá bẹ̀rẹ̀ sí jiyàn bóyá ó ṣì dára fún ẹbọ ọdún. Bàbá Fẹ́lísì tó jẹ́ onígbàgbọ́ ìjọ Àgùdà, òun ló kúnlẹ̀ ti àgbò mùsùlùmí lójúmọmọ, tó ń fi kẹrosíìnì àti àkísà nù ún, tó ń bẹ̀ ẹ́ pé kó má ta ìpá. Wọ́n pa àgbò náà. Wọ́n gbé itan kan wá fún ọ̀gá mi, ó ní òun ń gbóòórùn kẹrosíìnì nínú rẹ̀, ṣùgbọ́n ó jẹ ẹ́ tán.

Kí ni mò ń sọ bọ̀? Ìyá mi.

Ìyá mi ló fà mí lọ́wọ́ lọ sọ́dọ̀ Bàbá Fẹ́lísì láti kọ́ṣẹ́. Bàbá mi ti kú tipẹ́. Abọ́ tánńganran ni ìyá mi ń tà, ó máa ń ru wọ́n káàkiri Èkó, ẹ máa gbọ́ ìró wọn kí ẹ tó rí i. Yàrá kan ló ní nínú agboolé bàbá rẹ̀ ní Ìsàlẹ̀ Èkó, ibẹ̀ náà ló sì ti tọ́ mi. Èéfín àtùpà ti sọ ògiri yàrá yẹn di dúdú. Mo ń kun ilé fún gbogbo ayé, mo ti kun ọ́fíìsì ní Marina, ìyá mi kò sọ ọ́ rí pé kí n kun tòun.

Ọjọ́ tó ń lọ sí Mẹ́kà ló sọ ọ́. Ó ti di ẹrù rẹ̀, gbogbo ilé ti ń ṣàdúà, ó wá dúró lẹ́nu ọ̀nà yàrá rẹ̀, ó wo ẹ̀yìn. Ó ní, "Àkànní, tí Ọlọ́run bá mú mi padà bọ̀, ògiri funfun ni mo fẹ́ bá nínú yàrá mi."

Ohun kan ṣoṣo tó bèèrè lọ́wọ́ mi láyé nìyẹn. Mo wá pinnu pé kò ní sí ògiri tó máa dára tó o ní gbogbo Èkó. Oṣù mẹ́ta gbáko ló máa lò lọ́hùn-ún, ó sì tó mi láti ha á, kí n fọ̀ ọ́, kó sì sinmi. Ṣùgbọ́n iṣẹ́ wà ní Marina, mo ń sọ pé ọ̀sẹ̀ tó ń bọ̀ ni, ọ̀sẹ̀ tó ń bọ̀ ni. Nígbà tí mo máa fi gbé àkàsọ̀ wọ yàrá ìyá mi, ó kù bí ogún ọjọ́ tó máa dé, òjò sì ń rọ̀ lójoojúmọ́.

Ẹ gbọ́ ibi tí mo ti ṣe àṣìṣe. Kànga wà láàárín agboolé wa, bàbá ìyá mi ló gbẹ́ ẹ. Ẹ̀yin ò mọ bí wọ́n ṣe ń fi kànga yangàn nígbà yẹn. Kò sí agboolé kan ní Ìsàlẹ̀ Èkó tí kì í sọ pé kànga tòun nìkan ni kò níyọ̀, pé ti aládùúgbò ló níyọ̀. Àwa náà ń sọ ọ́. Ẹ̀gbọ́n ìyá mi, tí gbogbo wa ń pè ní Bàbá Ilé, ló ń sọ ọ́ jù. Á fún àlejò lómi mu, á sì máa wo ẹnu rẹ̀ kó sọ pé ó dùn. Bẹ́ẹ̀, tó bá jẹ́ ilé ẹlòmíràn ni mo ti ń ṣiṣẹ́, mi ò ní jẹ́ kí omi kànga kan ògiri mi. Mo máa lọ tò nídìí ẹ̀rọ omi ìta ni.

Àárọ̀ ọjọ́ tí mo ha ògiri tán, Bàbá Ilé ti dìde lọ sídìí kànga, ó ń fọwọ́ ara rẹ̀ fa omi. Àgbàlagbà tí kì í gbé abọ́ tó fi jẹun. Ó ní omi kànga bàbá àwọn ni wọ́n máa fi fọ yàrá Àlhájà, òun fúnra òun ló sì máa fà á. Ó fa korobá mẹ́jọ. Kí ni mo fẹ́ sọ fún un? Pé omi bàbá rẹ̀ níyọ̀? Mo dọ̀bálẹ̀, mo kí i kú iṣẹ́, mo gbé omi wọlé, mo fi fọ ògiri.

Mo gbé ìkòkò èédú mẹ́ta sínú yàrá, mo tilẹ̀kùn, kó lè tètè gbẹ. Ojú rẹ̀ gbẹ lóòótọ́. Inú rẹ̀ ńkọ́? Mo fi ìyókù ọ̀dà kan tó wà nísàlẹ̀ garawa ṣe àkọ́kùn, ìpele kan ṣoṣo, mo sì da funfun lé e lórí. Mi ò tọ́ ọ wò. Èmi ọmọ iṣẹ́ Bàbá Fẹ́lísì, mi ò fi ìka kan ògiri yẹn. Ẹ̀rù ohun tí ìka mi máa sọ fún mi ló ń bà mí.

Ọjọ́ tí Àlhájà dé, èrò kún ilé dé òpópónà. Wọ́n ń pín èso dàbínù, wọ́n ń bu omi sámúsámù tó gbé bọ̀ láti Mẹ́kà sínú ife kéékèèké. Ògiri náà funfun tó bẹ́ẹ̀ tí àwọn obìnrin ń bọ́ bàtà kí wọ́n tó wọlé. Ìyá mi dúró láàárín yàrá, ó yí ojú ká, ó wá fi àtẹ́lẹwọ́ méjèèjì lé ògiri, ó ṣàdúà fún ọwọ́ mi. Mo jáde sí ọ̀dẹ̀dẹ̀ lọ sunkún. Bàbá Fẹ́lísì náà wá kí i. Ó wo ògiri. Mo rí i tó na ìka, mo rí i tó tún dá ọwọ́ náà padà sápò. Ó kí mi kú iṣẹ́.

Kò pẹ́ sígbà náà tí ìyá mi fi ta kápẹ́ẹ̀tì kan mọ́ ògiri lẹ́gbẹ̀ẹ́ ibùsùn rẹ̀, èyí tó ní àwòrán Kábà tó rà bọ̀ láti Mẹ́kà. Ó fẹ̀ dáadáa. Ká sọ òótọ́, ó dùn mí díẹ̀ pé ó fi bo iṣẹ́ mi, mo sì ní kó jẹ́ ká gbé e sí ìdojúkọ ilẹ̀kùn. Ó ní rárá, ibẹ̀ lòun fẹ́ ẹ. Tí àlejò bá wá, á jókòó sẹ́gbẹ̀ẹ́ kápẹ́ẹ̀tì náà, á sì nawọ́ sí àwọn ògiri yòókù, pé ọmọ òun ló kùn ún. Èèyàn bíi mẹ́rin ló gbà mí síṣẹ́ nínú yàrá yẹn. Ní gbogbo àárọ̀, tó bá ti kírun àsùbáà tán, mo máa ń gbọ́ ìró ìgbálẹ̀ rẹ̀, wọ́ wọ́ wọ́, ní igun kan náà. Mo rò pé ìmọ́tótó ni.

Bí ọdún méjì kọjá. Ìjọba wá ní àwọn fẹ́ wó àdúgbò wa, pé ó ti há jù, pé àwọn máa kó wa lọ Sùúrùlérè. Wọ́n fi ọ̀dà kọ nọ́ńbà sára iwájú ilé wa, láìha, láìfọ̀, nọ́ńbà yẹn kò sì bó. Ẹ rí ayé. A bẹ̀rẹ̀ sí di ẹrù. Ọjọ́ tó kan yàrá ìyá mi, mo na ọwọ́ láti ká kápẹ́ẹ̀tì náà, ó ní kí n jẹ́ kóun ká a fúnra òun. Mo ti ká a kó tó sọ tán.

Ẹ̀yin ọmọ mi, ògiri náà ti lé ròrò, ó ti bó láti òkè délẹ̀. Iyọ̀ ti hu lára rẹ̀ bí irun arúgbó. Ohun tó ń gbá láràárọ̀ nìyẹn, ọ̀dà tí mo kùn fún un ni, tó ń já bọ́ sórí ẹní ìkírun rẹ̀.

Mo bi í pé láti ìgbà wo. Ó ní òun kò tíì lo ogójì ọjọ́ tóun dé tó fi bẹ̀rẹ̀. Mo ní kí ló dé tí kò fi sọ fún mi. Ó jókòó sórí àpótí, ó ń fọwọ́ gbọn eruku ara kápẹ́ẹ̀tì náà.

Ó ní, "Tí mo bá sọ, wọ́n á ní kànga ẹ̀gbọ́n mi ló bà á jẹ́, tàbí kí wọ́n ní ọmọ mi ò mọṣẹ́. Ta ni mo fẹ́ fi hàn nínú yín? Mo bò ó."

Ojú tì mí débi pé mi ò lè wò ó. Ẹni tó bèèrè ohun kan ṣoṣo lọ́wọ́ mi, ó fi ọdún méjì gbé àṣìṣe mi pa mọ́ kí n lè máa ríṣẹ́ ṣe.

Ó ku ọ̀sẹ̀ mẹ́ta tí wọ́n máa wó ilé. Mo gbé irin, mo bẹ̀rẹ̀ sí ha ògiri náà. Àwọn ará ilé rò pé orí mi ti dàrú. Mo gbé korobá, mo lọ tò nídìí ẹ̀rọ omi ní ọ̀nà ọjà Sandgrouse láàárín àwọn obìnrin. Wọ́n ń bi mí pé, "Bùọ̀dá Àkànní, ṣé ìyàwó yín ti kọ̀ yín ni?" Mo ń bá wọn rẹ́rìn-ín, mo ń ru omi mi lọ.

Ìgbà kejì tí mo kọjá lẹ́gbẹ̀ẹ́ kànga, Bàbá Ilé wà níbẹ̀ lórí àga. Ó ní, "Àkànní, omi wà níbí o." Mo sọ omi mi kalẹ̀, mo dọ̀bálẹ̀. Mo ní, "Bàbá, ẹ jọ̀ọ́, omi wa níyọ̀."

Ó wo inú kànga náà.

Ó ní, "Mo mọ̀. Bàbá mi náà mọ̀." Ó wá fa páànù bo ẹnu kànga.

Mo fọ ògiri náà lẹ́ẹ̀mẹ́ta. Ìgbà ọyẹ́ ni, atẹ́gùn gbígbẹ ń gba ojú fèrèsé wọlé, mo sì jẹ́ kó sinmi. Lọ́jọ́ kejìlá mo fi ìka nù ún, mo fi sẹ́nu, mo di ojú. Kò sọ nǹkan kan. Mo po àkọ́kùn mi bí ọ̀gá mi ṣe kọ́ mi, ó ṣàn dáadáa, mo fi bọ́ ọ, ó sì mu ún. Kò sáyè fún funfun tó máa lé e. Lọ́jọ́ kejì ni a kó jáde.

Àárọ̀ tí wọ́n wá wó o, gbogbo agboolé dúró sí òdìkejì òpópónà. Wọ́n kọ́kọ́ bi iwájú ilé ṣubú. Bí eruku ṣe rọlẹ̀, yàrá ìyá mi ló hàn, ògiri tó fi ọdún méjì bò mọ́lẹ̀ wá kọjú sí gbogbo ayé. Kò funfun tán, ṣùgbọ́n ó mọ́, ó sì jọ̀lọ̀ láti òkè délẹ̀. Obìnrin aládùúgbò kan bèèrè pé ta ló ní àkókò àtikun yàrá tí wọ́n fẹ́ wó.

Ìyá mi gbá kápẹ́ẹ̀tì rẹ̀ mọ́yà. Ó ní, "Ọmọ mi ni. Ẹ wò ó dáadáa."

A jọ wò ó títí wọ́n fi bì í lulẹ̀.